Ìlànà Ẹ̀wà Sísè àti Dídì fún Òmùgọ̀ Malete

Láti 2009 tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti dé Malete ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá ẹ̀wà jà níbẹ̀. Nísinsìnyí tí gáàsì ti wọ́n, o ti pinnu pé kóńgò mẹ́ta lo máa sè lẹ́ẹ̀kan, kó o dì í sínú fírísà, kó o máa yọ ọ́ jẹ títí oṣù á fi parí. O kú ọpọlọ. Ọlọ́gbọ́n ń ṣe é, ó sì ń bọ́ sí i fún un. Ìlànà tìẹ rèé lọ́tọ̀.

1. Ríra. Bí ẹlẹ́wà bá ní kò sí kòkòrò kan ṣoṣo nínú tòun, yọ̀, kó o rà á. Má bi í pé kí ló pa wọ́n. Láti 2015 ni àwọn ará Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa nítorí oògùn dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú Sniper. Ojo ni wọ́n. NSPRI tó ń ṣèwádìí ìpamọ́ irè oko wà ní Ìlọrin níbí, àpò onípele mẹ́ta sì wà tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, tí kòkòrò ń kú sínú rẹ̀ láìsí májèlé. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

2. Ṣíṣà. Má ṣà á. Eyín ló ń bá òmùgọ̀ ṣa ẹ̀wà.

3. Sísè. Má rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Ẹ̀wà tó bá ti rẹ máa ń tètè jinná, gáàsì ò sì ní tán bó ṣe yẹ. Rọ ọ́ kún ìkòkò dé ẹnu. Ẹ̀wà máa ń wú ju ìlọ́po méjì lọ, ṣùgbọ́n èyí tó bá ya sílẹ̀, ilẹ̀ náà fẹ́ jẹun. Bí kò bá tètè rọ̀, da káún sí i títí á fi di ẹ̀kọ.

4. Dídì. Ọlọ́gbọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀, á bù ú sínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan sí ọ̀rá kan. Á fi omi rẹ̀ bò ó, á sì fi àyè sílẹ̀ lókè, torí omi máa ń wú bó bá ń dì. Ìwọ, odindi ìkòkò gbígbóná ni kó o gbé wọlé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dì, àárín rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú, ibẹ̀ gan-an sì ni ohun tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ń wá ilé sí. Ooru rẹ̀ á tún yọ́ ẹja ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá. Bó o bá jàjà bu díẹ̀ sọ́tọ̀, ike áísìkiriìmù ni kó o bù ú sí. Má kọ ọjọ́ sí i lára.

5. Iná. Nẹ́pà lọkọ fírísà. Má béèrè lọ́wọ́ onílé báńdì tí ilé yín wà: Báńdì A ń retí wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, Báńdì E ń retí 4. Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè mú òtútù dúró fún nǹkan bíi wákàtí 48. Nítorí náà, kété tí wọ́n bá mú iná lọ, máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ẹ̀wà bá ti ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á gbé iná dé. Pariwo “Up NEPA!”, kó o tún un dì.

6. Jíjẹ. Gbé e sórí tábìlì láàárọ̀, lọ sí kíláàsì, kó o padà dé nírọ̀lẹ́. Bó bá ń rùn, fi epo àti alùbọ́sà díndín bò ó lẹ́nu.

7. Ọjọ́ kejì. Di inú mú, kó o rìn lọ bá ìyá tó ń ta ẹ̀wà sísè lẹ́bàá ọ̀nà. Kúnlẹ̀ dáadáa: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi láwìn.” Òru ló ti dáná, kó tó di ọ̀sán ìkòkò rẹ̀ á ti gbẹ. Kò ní fírísà, kò sì mọ báńdì kankan. Inú ikùn yín ló ń kó ẹ̀wà tirẹ̀ pamọ́ sí.