Ajẹunfọ́nnu, Ọmọ Ìsọlọ̀ Tí Í Jẹun ní Áílàǹdì

Ẹni tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, àwọn àgbà ní òun ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun; ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí kò pàdé irú ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó dé oko baba ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, tí ó jókòó níbẹ̀ fún wákàtí méjì, tí ó sì padà wálé láti wá máa yínmú sí oko tí baba rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Ajẹunfọ́nnu ni èmi sọ ọ́, nítorí pé bí mo bá dárúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ènìyàn tí yóò dáhùn ní àdúgbò wa yóò pọ̀ jù. Ó wà ní Òkóta, ó wà ní Àjàó, ó wà ní Máfolúkù níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ họ òrùlé. Ẹ kí i pé ó kú ìrọ̀lẹ́, yóò ní kí ẹ má bá òun sọ̀rọ̀, nítorí pé ohun tí òun jẹ ní Áílàǹdì, ní òdìkejì ọ̀sà Èkó, ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò tí ì dà lára òun.

Ajẹunfọ́nnu, ọmọ ajẹ-díẹ̀-san-púpọ̀, ọmọ aya-fọ́tò-oúnjẹ-títí-oúnjẹ-fi-tutù, ọkùnrin tí ó gba orí afárá Third Mainland, afárá tí ó lé ní kìlómítà mọ́kànlá, tí wọ́n ṣí ní 1990, kọjá nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, láti lọ jẹ ègé iṣu mẹ́ta tí wọ́n fi ewé kan ṣoṣo bò lórí, ẹni tí ebi ń pa bọ̀ láti ilé oúnjẹ, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń tẹ ẹ̀bà fún ní agogo mọ́kànlá òru, lẹ́yìn tí ó ti ti fèrèsé kí aládùúgbò má baà gbọ́ òórùn ọbẹ̀.

N kò ní kí ènìyàn má lọ jẹun níbi tí ó wù ú. Owó ẹni ni a fi í gbádùn ara ẹni, àwọn tí ó sì ń dáná ní òdìkejì ọ̀sà kì í ṣe ọ̀lẹ. Nok, tí ó wà lẹ́bàá ilé ìtajà Alára, ilé tí David Adjaye yàwòrán rẹ̀ ní òpópó Akin Olúgbadé, ti ń gbé oúnjẹ ilẹ̀ Áfíríkà kalẹ̀ fún àlejò láti 2015; Michael Elégbèdé sì ti dáná ní ilé oúnjẹ ńlá ní New York kí ó tó padà wá sí Èkó, tí ó wá ń to oúnjẹ ilẹ̀ wa sínú abọ́ kéékèèké, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, fún àwọn tí wọ́n jọ yí tábìlì kan ká. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì yẹ kí a kan sáárá sí i. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé Ajẹunfọ́nnu kò mọ ohun tí ó jẹ. Ẹ bi í bí irú bá wà nínú ọbẹ̀ náà, kò mọ̀, ẹ bi í bí ata rodo ni wọ́n fi sè é tàbí ṣọ̀ḿbọ̀, yóò fẹ imú rẹ̀, yóò ní, "Ẹ̀yin ò lè mọ̀, àyíká ibẹ̀ yàtọ̀ ni." Ṣùgbọ́n ó mọ bí tìmùtìmù àga ti rọ̀ tó, ó mọ iye ìgbà tí ọmọ tí ń gbé oúnjẹ tẹrí ba fún un, ó sì lè fi wákàtí kan gbáko ròyìn ọṣẹ ilé ìtọ̀.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á: àwọn baba wa fi èyí kìlọ̀ fún ahun tí ó fẹ́ jẹ dídùn láìnáwó. Ajẹunfọ́nnu dorí òwe náà kodò. Ó ní ọbẹ̀ tí kò bá pa owó kò lè dùn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbé fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, rìsíìtì nìkan ni ó gbé délé.

Ha, rìsíìtì! Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò ìwé awakọ̀ rẹ̀, ó sì ń yọ ọ́ ní ibi ìsìnkú, ní ìpàdé lándílọ́ọ̀dù, ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé, ní iwájú ọmọ tí ń ta káàdì. Kì í kà á. Ó ń kì í ni. Ìdá méje àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba àpapọ̀, èyí tí ó jẹ́ márùn-ún kí wọ́n tó gbé e sókè ní oṣù kejì ọdún 2020. Ìdá márùn-ún fún ìjọba Èkó, gẹ́gẹ́ bí òfin 2009 lórí hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ. Ìdá mẹ́wàá fún àwọn tí ó gbé abọ́ wá: ó ń fi owó wọ̀nyí hàn bí ọmọ jagunjagun ti í fi ojú ọgbẹ́ baba rẹ̀ hàn. Ọkùnrin kan náà ni ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sá nígbà tí àwọn agbowó ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìwé tí a sì ń wí yìí, kì í ṣe tàdáwà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ooru ni ẹ̀rọ ibẹ̀ fi ń tẹ nọ́ńbà sára rẹ̀, kò sì fẹ́ òógùn, kò fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ ọwọ́ tí epo wà. Ajẹunfọ́nnu ló ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, bí nọ́ńbà ti ń parẹ́ ni owó ń gòkè. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, tí ojú ṣì lè rí i, iye tí ó san gan-an ni ó ń dárúkọ. Ní òpin oṣù, ẹja kan tí kò jẹ ti wọ inú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi pé oṣù mẹ́ta, tí ìwé ti funfun bí ó ti wà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó ti mu wáìnì ilẹ̀ Faransé, ó ti san ti ọ̀rẹ́ méjì mọ́ tirẹ̀, ó sì ti sọ fún olùdarí ibẹ̀ pé kí ó mú ṣéńjì.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Adejoké Bakare gba ìràwọ̀ Michelin fún Chishuru, ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gbà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ajẹunfọ́nnu ló kéde rẹ̀ fún wa. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń yin oúnjẹ ilẹ̀ wa, títí dé orí ẹ̀kuru, ẹ̀kuru tí ìyá rẹ̀ ń sè fún un tí ó ń sá fún. Ta wá ni Michelin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi di àṣẹ bẹ́ẹ̀? Oníṣòwò táyà ni. Ní 1900, nígbà tí mọ́tò kò tí ì pọ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, André àti Édouard Michelin, tẹ ìwé pélébé kan fún àwọn onímọ́tò, kí wọ́n lè máa rìn jìnnà, kí táyà lè máa jẹ; ní 1926 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀. Àní wọ́n ní ilé iṣẹ́ táyà ní Port Harcourt títí wọ́n fi tì í pa ní 2007. N kò fi èyí bú wọn. Ẹni tí ó mọ oúnjẹ lè máa ta ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kí fọ́gánáísà abẹ́ afárá Òṣòdì fi ìka dúdú rẹ̀ júwe ìsọ̀ kan, kí ó ní gbẹ̀gìrì ibẹ̀ kò láfiwé, Ajẹunfọ́nnu yóò bi í léèrè pé níbo ni ó ti kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ.

Nígbà tí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá kó àwọn òǹtajà kúrò lójú títì àti ojú irin ní Òṣòdì ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn olóúnjẹ wà lára àwọn tí ó gbé ìkòkò sá. Ọ̀nà là, n kò jiyàn. Ọkọ̀ ń kọjá, ibùdókọ̀ ńlá tí Ààrẹ Buhari ṣí ní 2019 sì wà níbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n Ajẹunfọ́nnu pàtẹ́wọ́ fún ìdí mìíràn: ó ní ẹ̀gbin ti kúrò nílẹ̀. Àwọn tí ó bọ́ ọ nígbà tí kò níṣẹ́ ni ó ń pè bẹ́ẹ̀. Ó gbàgbé pé wọ́n ti lé irú àwa náà lẹ́nu ọ̀nà rí: ní 1947, Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Lọ́ńdọ̀n, sílé nítorí pé ó dúdú, ìlú sì gbóná títí Gómìnà Richards fi pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Àwọn baba wa jà kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Wọn kò mọ̀ pé ọmọ àwọn ni yóò wọlé, tí yóò sì bojú wẹ̀yìn láti wo irú ẹ̀wù tí ẹni tí ń bọ̀ wọ̀.

Ibi tí ó ti ń jẹun gan-an, ìsọ̀ alámàlà kan ni, tí kò jìnnà sí ọjà Aswani. Àwìn ni ó ń jẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́, ó ní àmàlà lẹ́mọ, ó ní pọ̀nmọ́ kéré sí owó, ó ní ibi tí òun ti ń jẹun ní Áílàǹdì, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń nu ọwọ́ ènìyàn. Ni ó bá yọ rìsíìtì, ó nà án sí ìyá alámàlà náà kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí àwọn èèyàn gidi ń san. Ìyá nu ọwọ́ sára ìró. Ó gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "ẹ kú ìnáwó o. Ìwé yín yìí mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi bírò kọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí i: àmàlà mẹ́ta, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ méjì."