Ẹ̀gbọ́n Òmùgọ̀, Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Tún WC Yín Ṣe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú òórùn. Mo gbọ́ pé WC tí ẹ ṣe sílé tuntun yín ní Tápà ti kọṣẹ́, àti pé ẹ ti búra pé pulọ́ńbà kankan kò ní wọlé yín torí pé olè ni gbogbo wọn. Ẹ ṣeun. Irú yín ni mo kọ ìwé yìí fún. Ẹ máa tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ, ẹ má sì wọ bàtà tí ẹ fi ń lọ òde.

Ẹ̀yin tí ẹ ra àwo funfun àti táìlì kí ẹ tó ronú ibi tí omi yóò ti wá, ẹ ti ṣe orí kìíní ìwé yìí láì kà á. Kànga lẹ ń pọn, aláǹgbá ló ń gbé inú táńkì ẹ̀yìn WC yín. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ ó fi máa ṣàn án nígbà náà. Ẹ máa rọra dà á díẹ̀díẹ̀, bí ìyàwó tuntun tó ń bu omi sí ẹ̀bà àna rẹ̀. Omi á gba ẹ̀gbẹ́ ohun tó wà níbẹ̀ kọjá, á fi í sílẹ̀ níbi tó bá a. Àwọn ọlọ́gbọ́n a máa gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ìbàdí, wọ́n á da ìdajì rẹ̀ sójú ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbùúù, agbára omi á sì ti ohun gbogbo lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa tọ́ ọ sí i títí bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yóò fi tán, kí ẹ wá bú ẹni tó ta WC fún yín.

Bí ẹ bá wo abẹ́ àwo náà, ẹ ó rí i pé páìpù ibẹ̀ wọ́. Ẹ bá wọn tọ́ ọ. Ará Scotland kan tó ń ṣe aago, Alexander Cumming, ló gbàwé àṣẹ lórí páìpù wíwọ́ yẹn lọ́dún 1775. Omi díẹ̀ á máa dúró nínú kọ́nà rẹ̀, òórùn kò sì ní ríbi gbà padà wọlé. Kí ni aṣaago mọ̀ nípa ìgbẹ́? Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ kàn ti ilé pa, kí ẹ lọ sí Èkó títí di Iléyá. Omi inú kọ́nà á gbẹ tán kí ẹ tó dé. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ilé kejì máa bá òun da ife omi kan sí i lóṣooṣù ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ ni.

Ó wá kan dídí. Ìbàràpá ni wá, a kì í wá ṣùkù àgbàdo tì. Nígbà ṣáláńgá, ṣùkù ṣiṣẹ́ tó dára nídìí baba wa, kò sì sí ẹni tí ṣáláńgá rẹ̀ dí. WC náà kò kọ ṣùkù, á gbé e mì dé kọ́nà, ibẹ̀ ni ṣùkù á wá kọ́lé sí. Èèpo ẹ̀gúsí, pámpásì àti ìwé ìròyìn á bá a gbé, àdúgbò á kún.

Ẹ má ra rọ́bà roboto orí igi tí wọ́n ń tà lọ́jà. Kò wọ́n, ó sì máa ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò bá ipò yín mu. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò á jẹ́ kí omi bo rọ́bà náà, á fi í dé ihò pinpin, á kọ́kọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, á wá máa tẹ̀ ẹ́, á máa fà á. Fífà yẹn gan-an ló ń tú ohun tó há. Ẹ̀yin, ẹ wá irin tó kù nígbà tí wọ́n da dẹ́kìn ilé yín. Ẹ fi gún un tagbára tagbára. Bí ẹ bá gbọ́ "gbàá", ọ̀nà ti là: gbogbo ohun tó há á gba ìdí àwo jáde sórí táìlì.

Bí irin kò bá ràn án, ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì wà lọ́jà, àwọn kan á sì ní kí ẹ da Hypo lé e, kí agbára di méjì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bọ́ ẹ̀wù àwàdà sílẹ̀ ná. Ẹ má dán an wò láé. Bí Hypo tàbí Jik bá pàdé ásíìdì, gáàsì chlorine ló ń jáde. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí ọ̀tá wọn nítòsí ìlú Ypres ní April 1915, tí ènìyàn ń kú sínú kòtò ogun. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín kéré ju kòtò yẹn lọ, fèrèsé rẹ̀ kò sì tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Mo ti gbé ẹ̀wù mi wọ̀ padà. Bí ẹ bá wà lára àwọn tí omi ń ti táńkì òkè dé WC wọn, tó wá ń dún "ṣííí" láti alẹ́ dójúmọ́, ẹ pe ààfáà. Ẹni tí kò nígbàgbọ́ á da sóbò díẹ̀ sí táńkì ẹ̀yìn, á fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí láì ṣàn án. Bí omi inú àwo bá pọ́n, rọ́bà ìdí táńkì ló ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá pọ́n, ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tó ń léfòó ló ga jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ti ẹ̀rọ omi tó ń jò kò le: ẹ tú u láì ti omi pa níbì kan. Ẹ ó wẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Sọ́kàwéè ńkọ́? Ilẹ̀ wa lápàáta, ẹ gbẹ́ ẹ síbi tó bá ti rọ̀, ìdí kànga náà dára. Àwọn wolé-wolé á ní kó fi bí 30 mítà jìnnà sí kànga, kó má sì wà lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń wọn ilẹ̀? Ẹ sì mọ ohun tí omi burúkú lè ṣe: Ìdèrè kò jìnnà sí wa, ẹ rántí bí sọ̀bìà ṣe da àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ níbẹ̀ nígbà ìkórè, torí omi adágún tí wọn kò sẹ́. Lọ́dún 2013 ni àjọ WHO kéde pé sọ̀bìà ti tán ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin wá gbà pé omi kò lè ṣe nǹkan mọ́. Onígbáméjì ń gbọ́ yín.

Tí sọ́kàwéè bá kún, ẹ má ní kí ọmọ kankan wọnú rẹ̀. Eléyìí náà kì í ṣe àwàdà: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa pa ènìyàn kó tó ké, ẹni tó bá sì bẹ́ sí i láti gbà á là ló ń di òkú kejì. Ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí ni kí ẹ pè.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, igbó ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Ní November 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àṣẹ 009 pé kí ìgbẹ́ yíyà ní gbangba dópin ní 2025. 2025 dé, ó bá igbó níbẹ̀.

Ó kù kí ẹ pe pulọ́ńbà láti Igbó-Ọrà. Kó tó bọ́ lórí ọ̀kadà, ẹ ti máa bá a dúnàá-dúrà. Ẹ sọ fún un pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan WC náà. Tó bá wá fa ṣùkù jáde níbẹ̀, ẹ bi í pé níbo ló ti gbé e wá, kí ẹ sì torí ẹ̀ dín owó iṣẹ́ rẹ̀ kù.