Ilé Ìtọ́jú Ọkàn Tó Sọ Ìyá Di Ọ̀tá

Ẹ gbà mí o! Ẹ sún mọ́bí, ẹ wá gbọ́ kàyéfì. Wọn ò ṣe é ní kọ̀rọ̀, wọn ò ṣe é nínú igbó. Àárín New York ni, ní Upper West Side, láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé àti olórin!

Lọ́dún 1957 ni Saul Newton àti ìyàwó rẹ̀, Jane Pearce, dá Sullivan Institute sílẹ̀. Orúkọ Harry Stack Sullivan ni wọ́n yá lò, dókítà tó ti kú láti 1949. (Òkú ò kúkú lè jáde wá bá wọn jà.) Ìyàwó kàwé dókítà. Ọkọ ńkọ́? Kò kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn níbì kankan, òun náà ló wá di ọ̀gá! Clement Greenberg, ògbóǹtarìgì lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà, wà lára àwọn tí wọ́n tọ́jú.

Ẹni tí ìbànújẹ́ gbé débẹ̀, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ìyá tó lóyún ẹ, tó pọ̀n ẹ́! Wọ́n ní kó má yọjú sí i mọ́. Ó sì gbà, ó tún ń sanwó lé e!

Èyí kéré o. Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn obìnrin kan ṣoṣo, aláìsàn ni lójú wọn. Ilé ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, kí kálukú sì máa sùn káàkiri. Èèwọ̀! Obìnrin tó bá fẹ́ bímọ á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Tí wọ́n bá gbà fún un, ọkùnrin bíi mélòó kan ni yóò bá sùn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ni oyún. Oríkì ilé ta ni wọ́n fẹ́ ki ọmọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n á bí i tán, ó di ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí kí wọ́n kó o lọ sílé ìwé onílé gbígbé ní kékeré.

Newton tó ní ìdílé ni àrùn, ìyàwó mẹ́fà ló fẹ́, ọmọ mẹ́wàá ló bí! Kò tún tó o. Àwọn obìnrin tó wá sunkún níwájú rẹ̀, ó ń bá wọn lò pọ̀. Ojú ò tì í!

Nígbà tó yá, àwọn òbí kan gbé ẹjọ́ ọmọ lọ sí kóòtù. Newton kú lọ́dún 1991, ẹgbẹ́ sì tú ká. Àwọn ọmọ ọ̀hún ti dàgbà báyìí, àwọn kan ń fi àyẹ̀wò DNA wá bàbá. Ẹ sáà rò ó wò: géńdé ọkùnrin á kí bàbá mẹ́ta láàárọ̀, kò ní mọ èyí tó bí i!