Ṣọ́kì Pupa

Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣọ́kì ọ̀kadà, kó má fojú rà á. Ojú ló ń kó ọlọ́kadà sí gbèsè. Ó dé ìsọ̀, ó rí ṣọ́kì pupa tó ń dán, tí agolo gáàsì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ bá yọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, orijínà ni o!"

Kí ni kì í ṣe orijínà lọ́jà? Nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, agolo mìíràn wà tí kò sí gáàsì kankan nínú rẹ̀. Ó kàn wà níbẹ̀ bí aago ọwọ́ tó ti kú ni.

Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù; epo inú ṣọ́kì ló ń dá a lẹ́kun kó má baà máa fò ṣáá. Nítorí náà, ẹ fìka kan ibi tí ọ̀pá dídán ti wọnú ara ṣọ́kì. Bí epo bá yí yín lọ́wọ́, ẹ kí ọlọ́jà pé ó kú ọjà, kí ẹ máa lọ. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ náà, láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀, kó bá ti àtijọ́ mu.

Bajaj Boxer tiẹ̀ ti ní sípíríǹgì nínú sípíríǹgì láti ilé iṣẹ́ wá, nítorí ẹrù. Ṣùgbọ́n kò pupa tó!

Bí ẹ bá ra pupa náà, mẹkáníìkì á wá yí òrùka tó ń fún sípíríǹgì rẹ̀ títí á fi le gan-an. Ìyá oníṣu tó jókòó sẹ́yìn kò rí àwọ̀ kankan.

"Ọlọ́kadà, rọra o! Ìbàdí mi!"