Tàkìtì Tó Da Ọbẹ̀ Nù

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí Ìyá Onígaàrí má gbọ́. Èmi kì í ṣe olófòófó, gbogbo ilé ló mọ̀. Àbí èmi ni mo ní kí wọ́n kọ yàrá mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná? Ojú mi ló rí i.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ni. Kẹ́hìndé ọmọ Ìyá Ìbejì, yàrá kẹta lápá òsì, àwọn tí ìyá wọn ń din àkàrà nítòsí ibùdókọ̀ Ìkọ̀tún. Ẹ mọ àkàrà yẹn. Ó dùn, mi ò parọ́, àmọ́ láti ìgbà tí ẹ̀wà ti gbówó lórí, ó ti wá kéré débi pé tí èèyàn bá yán, ó lè gbé e mì láìmọ̀. Ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀.

Táàmù kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ni Kẹ́hìndé délé tó ní àwọn fẹ́ ṣe íntáháòsì. Ẹ mọ̀ pé ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Èkó máa ń ṣe é, kí òjò tó dé. Ilé Yẹ́lò ni wọ́n pín òun àti Táyé sí. Ó ní òun ò sáré, òun ò ṣe máàṣì-páàsì, ṣíálídà lòun fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀ ní kí nìyẹn? Ó ní àwọn tó máa ń dúró létí pápá ni, tí wọ́n á máa jó, tí wọ́n á máa kígbe kí ara àwọn tó ń sáré lè yá gágá.

Ìyá Ìbejì ní, "Kí n sanwó ilé-ìwé kí o lè lọ pariwo? Èyí tí ò ń pa nínú ilé yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ò tíì tó ọ?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn ọmọ yẹn! Tó bá pe Táyé ní ẹ̀yìnkùlé wa níbí, Táyé tó wà ní Ìgàndó á dáhùn. Táyé gan-an kì í sọ̀rọ̀. Mo rò pé Kẹ́hìndé ti sọ ìpín àwọn méjèèjì tán nínú oyún. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, wọ́n ní 1,277,714 ló wà ní Alímọ̀ṣọ́, pé kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan l'Ékòó tó pọ̀ tó tiwa. Ká ní wọ́n bí Kẹ́hìndé nígbà yẹn ni, wọn ì bá ka ohùn rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí àǹtí tó ń mójú tó eré ìdárayá wọn yan àwọn tó máa ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ wà níwájú gbọ́dọ̀ lè tàkìtì, kó sì lè na ẹsẹ̀ kan síwájú, kó na ìkejì sẹ́yìn, títí ìdí rẹ̀ á fi kanlẹ̀. Ìdí Kẹ́hìndé kọ̀, kò kanlẹ̀. Alaalẹ́ ló ń nà lórí ẹní, á ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá àgbà tó wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bi mí pé ta ló ń rọbí. Bọ̀dá LASU, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá ẹnu géètì, ló kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ sáré yí ilé ká kí ara rẹ̀ gbóná, kó tó nà án. Ó ní iṣan tútù ní í já.

Ẹsẹ̀ ò ṣeé ṣe, ló bá kọjú sí òkìtì. Níbo ló fẹ́ ta á sí? Ẹ mọ irú ilé wa, yàrá kọjú sí yàrá, pálọ́ sí pálọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tóóró láàárín. Iná ò sí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ yìí gba ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ó ta ọ̀kan, ó ta èkejì. Ìyá Onígaàrí ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ bọ̀ láti ilé ìdáná. Ẹ̀kẹta rèé, gbàù! Ẹ̀fọ́ rírò! Ẹ̀fọ́ tó ní pọ̀nmọ́, tó ní pánlá, tó ní ṣàkì. Ẹ̀fọ́ kan ara ògiri, ó kan bàtà Bàbá Onílé. Mo ka pọ̀nmọ́ nílẹ̀, mẹ́fà ni. Nígbà tí Ìyá Onígaàrí ń rojọ́, ó ti di mẹ́wàá. Mi ò sọ pé ó purọ́ o. Ológbò tètè débẹ̀.

Bàbá Onílé pe ìpàdé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀, ó ní kí ni ọmọbìnrin ń wá nínú òkìtì àti ariwo, pé ìwà àwọn obìnrin òyìnbó ni wọ́n fẹ́ kó wọ ilé òun. Bọ̀dá LASU na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀." Ó ní ní Yunifásítì Minnesota l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1898, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn ń fìdí rẹmi ṣáá, ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Johnny Campbell bá jáde síwájú èrò ìwòran, tó ń kígbe kí wọ́n máa gbè é. Ó ní ó di ọdún 1923 kí àwọn obìnrin tó bá wọn dá sí i níbẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ Olympics pàápàá ti fọwọ́ sí i ní 2021 pé eré ìdárayá ni.

Ni mo bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí ló tiẹ̀ wá jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ta ló rí ìjàkadì rí láìsí onílù? Wọ́n á ki ẹni tó fẹ́ ṣubú, orí rẹ̀ á wú, á gbé ẹni tó fẹ́ dá a ṣánlẹ̀. Ẹni tó ń dá orin àti àwọn elégbè rẹ̀, ohun tí Kẹ́hìndé fẹ́ ṣe nìyẹn. Èyí tó yàtọ̀ ò ju síkẹ́ẹ̀tì lọ.

Bàbá Onílé dákẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ò débẹ̀. January 1973, eré gbogbo Áfíríkà ní Sùúrùlérè. Módúpẹ́ Oṣìkọ̀yà! Góòlù mẹ́ta ni ọmọ yẹn gbà: ó fò sókè, ó fò jìnnà, ó tún sáré fo igi. Mo kígbe débi pé ohùn mi há fọ́jọ́ mẹ́ta."

Ìyàwó rẹ̀ àgbà gbé ojú sókè kúrò nídìí ẹ̀gúsí tó ń ṣà. "Bàbá, 1973? Ìgbà tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń lọ sìnkú l'Abẹ́òkúta? Tẹ́ ẹ délé láìlóhùn, tẹ́ ẹ ní ẹkún lẹ sun?"

Háà! Ọ̀rọ̀ tó ti lé láàádọ́ta ọdún! Ìpàdé tú. Kò sẹ́ni tó rántí Kẹ́hìndé mọ́. Ìdájọ́ tó wà nílẹ̀ kò ju pé kó máa tàkìtì lẹ́yìn kànga, kí ìyá rẹ̀ sì máa fún Ìyá Onígaàrí ní àkàrà láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àkàrà kékeré yẹn náà ni o.

Ẹni tó wá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá Kọ́ńdọ̀ ni, ẹni ẹ̀yìnkùlé, tó ń bá dánfó ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ ìró Kẹ́hìndé, ó mi orí. "Ọ̀fun lo fi ń pè é. Kó tó di aago mẹ́wàá, ó ti há. Inú ni kó ti wá." Ó ní kó gbé ọwọ́ lé ikùn, kó fa èémí títí ikùn á fi ti ọwọ́ náà síta, kó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gun orí èémí jáde. Kó má mu omi yìnyín. Kó fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn, nítorí ìparí yẹn ló ń dé etí ẹni tó wà lókèèrè. Kí ló fi kọ́ ọ? Ohun tó mọ̀ náà ni: "Ìkọ̀tún! Ẹgbẹ́dá! Ìyànà-Ìpájàáá!" Aago márùn-ún ìdájí. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan sáré jáde láti ilé kejì, táì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹgbẹ́dá wà o! Ẹ dúró!"

Ilé-ìwé wọn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, bu owó aṣọ tí Ìyá Ìbejì gbọ́ tó jókòó sílẹ̀. Ó fẹsẹ̀ kọ ọjà òkírìkà Kàtàngówà, ó ra síkẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, ó rán ṣòkòtò péńpé sí abẹ́ rẹ̀. Ti òdòdó ọwọ́ tí wọ́n fi ń jó, ta lẹ rò pé ó ṣe é? Ìyá Onígaàrí! Òun ló ní láílọ́ọ̀nù. Ó ká yẹ́lò púpọ̀ léra, ó so wọ́n láàárín, ó fi sísọ́ọ̀sì ya etí wọn wẹ́wẹ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó rú bí irun orí olókùú. Ó ní kí n má rò pé òun ti dárí jì wọ́n, pé láílọ́ọ̀nù ló ti pọ̀ jù nílé.

Ọjọ́ ìyànsípò, Táyé ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì sọ̀rọ̀! Mo jókòó kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní ìdí Kẹ́hìndé ṣì ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Àǹtí ti ń mi orí. Wọ́n ní kó kígbe fún Ilé Yẹ́lò. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó fa èémí, ó la ẹnu: "Yẹ́lò! Ẹgbẹ́dá! Ìyànà-Ìpájàáá! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì!"

Táyé ní gbogbo ilé-ìwé dáhùn pé "Ó wà o!" Àwọn kíláàsì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà dáhùn. Àǹtí di ikùn mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ẹlòmíì síwájú fún òkìtì, Kẹ́hìndé ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń dá igbe.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni. Ilé-ìwé náà ò ní pápá, wọ́n ti háyà ọ̀kan lápá Ẹgbẹ́dá. Gbogbo wa là ń lọ, Bàbá Onílé náà ń lọ, ìyàwó rẹ̀ àgbà sì ní òun á bá a lọ kó má baà tún ṣi ọ̀nà lọ sí Abẹ́òkúta. Ìbọ̀sẹ̀ funfun tó gùn dé orúnkún ló kù tá à ń wá. Ẹni tó bá ní, kó gbé e wá. Ẹni tó sì yá kúlà mi níjọ́ ìkómọ, mo mọ̀ ọ́, dá a padà kó tó di Ọjọ́bọ̀.