Èéfín Ta Nìyí?

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, ní Ìyànà-Ìbà. Dánfó tó ń lọ sí Òkókómáíkò ti ki imú bọ ọ̀nà èyí tó ń bọ̀ láti Mile 2, kò sì sí ẹni tó fẹ́ yẹ̀ fún ẹnì kejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU ń fo gọ́tà kọjá, wọ́n di imú mú. Lẹ́bàá gọ́tà yìí ni Ìyá Ẹlẹ́ja pàtẹ sí. Pákó kan ṣoṣo ló là á kúrò lára Bàbá Kòǹdẹ́mù, ẹni tó ń ra òkú bátìrì, òkú fíríìjì àti òkú kọ̀ǹpútà. Àwọn aládùúgbò gbà pé lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì ò bá bára wọn jà, ó ní láti jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ò wá sọ́jà. Lónìí, àwọn méjèèjì wá.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Bàbá Kòǹdẹ́mù! Ẹ ti tún dáná sun wáyà, àbí?

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹ kúrọ̀lẹ́, Ìyá Ẹlẹ́ja. Èèyàn a máa kọ́kọ́ kíni ná.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹ kúrọ̀lẹ́. Ẹ pa iná yẹn.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Kọ́pà ló wà nínú wáyà, rọ́bà ló bò ó. Mi ò sì ní eyín tí mo lè fi bó rọ́bà wáyà tó kún àpò mẹ́ta. Iná ló ń bá mi bó o.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ó ń bá mi bó ọ̀nà ọ̀fun pẹ̀lú! Oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀tẹ́ mi sí imú, ó ní ó ń rùn bíi táyà. Mo ní ẹja mi kọ́ ló ń rùn, aládùúgbò mi ni.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Kí ló wá sọ?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ó ní kí n yọ owó aládùúgbò kúrò nínú owó ẹja. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ló bá yín lọ.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹ kọ ọ́ mọ́ gbèsè tí mo ti jẹ yín. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni èéfín ti ń jáde lábẹ́ àgbá tiyín náà. Tùràrí lẹ̀ ń sun ni?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Èéfín ẹja nìyẹn. Èéfín ẹja kì í ṣe èéfín.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Kí lẹ fi dá iná rẹ̀?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Igi.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Kí lẹ fi ran igi?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Kẹrosíìnì ti wọ́n.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Mi ò béèrè iye tí wọ́n ń ta kẹrosíìnì.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà díẹ̀ ni. Díẹ̀ báyìí.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Yéè! Ẹ̀yin ará Ìyànà-Ìbà, ẹ gbọ́ o! Náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń yan ẹja tí gbogbo ọmọ LASU ń jẹ!

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ìwọ ọkùnrin yìí, gbé ohùn rẹ wálẹ̀! Oníbàárà ń bọ̀!

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Èmi ni ẹ ń pè ní ìwọ?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹ má bínú. Ẹ gbé ohùn yín wálẹ̀. Kì í kúkú ṣe èmi ni mo dìídì sọ pé èéfín wáyà ò dára. Rónkẹ́ ọmọ mi ni. Ìmọ̀ nípa ẹja ló ń kọ́ ní LASU. Owó ẹja ni mo fi ń rán an lọ kọ́ nípa ẹja, ó sì ti kọ́ ọ débi pé kò jẹ ẹja mi mọ́.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Kí ló wá ń jẹ?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹyin.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹ má jẹ́ kó lọ kọ́ nípa adìyẹ o. Ebi yóò pa á.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ó ní rọ́bà ara wáyà yẹn, bí iná bá ti jó o, ó ń di májèlé kan tí wọ́n ń pè ní dáyọ́síìnì. Kì í tètè tán nílẹ̀. Bó bá bà sórí koríko, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Bó bá bà sómi, ẹja á gbé e mì. Inú ọ̀rá ló máa ń sá pamọ́ sí, ẹni tó bá jẹ ọ̀rá ọ̀hún ló sì ń gba gbogbo rẹ̀. Ní Agbogbloshie, ní Accra, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ti ń sun wáyà, wọ́n yẹ ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri ibẹ̀ wò ní 2019. Ẹyin kan péré, májèlé tó wà nínú rẹ̀ fi ìlọ́po 220 ju èyí tí ó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lóòjọ́ lọ.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹyin kẹ̀? Rónkẹ́ mọ̀?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Òun ló sọ fún mi. Láti àná, ẹ̀wà ló ń jẹ. Ó tún ní Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ burúkú pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn ní Èkó ní 2018, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Wáyà tèmi nìkan?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Wọ́n ka dánfó, wọ́n ka jẹnẹrétọ̀, wọ́n ka ilé-iṣẹ́.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Wọ́n ka àgbá ẹja?

(Ìyá Ẹlẹ́ja wú ikọ́. Kò dájú bóyá ikọ́ tòótọ́ ni.)

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Igi ọ̀hún gan-an, níbo lẹ ti ń rí i?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Wọ́n ń gbé e wá láti etí omi. Ó máa ń jó dáadáa.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Èyí tó na gbòǹgbò sínú omi, tí akàn àti ọmọ ẹja ń fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ilé?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Mo ra á ni. Èmi kọ́ ni mo gé e.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹ ò rí i! Ẹ dáná sun ilé ọmọ ẹja láti fi yan bàbá ẹja!

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹ̀yin ńkọ́? Gíláàsì ojú tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ tí ẹ ń fọ́, níbo lẹ ń dà á sí?

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Gọ́tà ni. Gíláàsì ò lówó lórí.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Òjé wà nínú gíláàsì yẹn. Nínú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, ó lè tó kílò kan sí méjì.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Òjé? Kílò méjì? Òjé ń lówó lórí o! Láti ọdún wo lẹ ti mọ̀ tí ẹ ń wò mí tí mo ń da owó sí gọ́tà?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Mò ń sọ̀rọ̀ májèlé, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ owó! Òjé kì í jẹrà. Á jókòó sínú ẹrẹ̀, akàn á máa jẹ ẹrẹ̀ náà. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ọpọlọ rẹ̀ ló ń bá jà. Gọ́tà yìí sì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Kò ṣàn lọ síbì kankan. Náílọ́ọ̀nù yín ti dí i pa.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Kò wá yẹ kí ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Náílọ́ọ̀nù mi ni kò jẹ́ kí òjé yín débẹ̀!

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Bí òjò bá dé ńkọ́?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Bí òjò bá dé, inú ṣọ́ọ̀bù wa ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹ ṣeun. Ṣé òfin ò sì ti de náílọ́ọ̀nù wínníwínní láti July 2025?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Èmi kì í rú òfin. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ike funfun tí wọ́n ń bu ráìsì sí, ní January 2024, ẹ bi gbogbo ọjà bóyá mo lò ó.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹja lẹ ń tà! Ìgbà wo lẹ lò ó rí?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹ rí i pé mo ti ń pa òfin mọ́ kí wọ́n tó ṣe é. Ní ti náílọ́ọ̀nù wínníwínní, méjì ni mo fi ń wé ẹja kan. Ó ti nípọn nìyẹn.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Àìsí wolé-wolé ló fà á. Láyé Buhari àti Ìdíàgbọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìmọ́tótó àyíká, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, mọ́tò ò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá. Ìjọba Èkó wá fagi lé e ní 2016. Háà, mo káàánú rẹ̀.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Nígbà tó wà, kí lẹ máa ń ṣe ní Sátidé ọ̀hún?

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Bọ́ọ̀lù la máa ń gbá lójú títì.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Kí lẹ wá ń káàánú?

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Bọ́ọ̀lù yẹn.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹ̀yin oní-kòǹdẹ́mù lẹ ń kó ìdọ̀tí wọ̀lú, mo ti sọ tèmi.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Èmi? Èmi tí mò ń kó o kúrò nílẹ̀? Ta ló ń gbé òkú bátìrì tí àwọn onílẹ̀ gbígbá ò fẹ́ fọwọ́ kàn? Kọ̀ǹtẹ́nà ló ń kó o wọ̀lú. Ẹ lọ dúró ní ọjà Alábà kí ẹ wò ó.

(Lórí èyí, ẹ̀yìn Bàbá Kòǹdẹ́mù ni èmi òǹkọ̀wé wà. Bí kò bá sí irú wọn, àwọn òkú fíríìjì tó wà ní Ọ̀jọ́ nìkan ì bá ti dí títì Àgbádárìgì pa. Èéfín rẹ̀ ni èmi àti ẹ̀ ò jọ fohùn sí.)

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Rónkẹ́ sọ ti kọ̀ǹtẹ́nà náà. Ó ní àwọn kan wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2005 pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹtẹ́nà kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń wọ Èkó lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn sọ fún wọn pé nínú mẹ́rin, mẹ́ta lè má ṣeé tún ṣe.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹ jẹ́ n sọ ti 1988 fún yín. Ní Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, àwọn òyìnbó Ítálì kó egbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé wá, wọ́n tò ó sí àgbàlá bàbá kan, wọ́n ń san nǹkan bí $100 fún un lóṣù. Nígbà tí àṣírí tú, Babangida fárígá. Ítálì fi ọkọ̀ òkun kó ẹrù wọn kúrò. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba ṣòfin pé ẹni tó bá kó irú rẹ̀ wọlé, ẹ̀wọ̀n gbére.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ó dára bẹ́ẹ̀.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹ gbọ́ ná. Ní Kókó, òyìnbó ló sanwó ká tó bá a gba ìdọ̀tí rẹ̀. Ní Alábà, àwa là ń sanwó fún òyìnbó! A tún san owó ọkọ̀, a san ti kọ́sítọ́ọ̀mù, a gbé e délé, a gbàdúrà sí i, a ki wáyà rẹ̀ bọ iná, ó kọ̀. Ta ló gbọ́n jù nínú wa?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Bàbá Kókó.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: $100 lóṣù, kò sì kúrò lójú kan!

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ṣé kò sí òfin báyìí ni? Rónkẹ́ ní àwọn NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, ṣe tiwọn ní 2011, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ti kú ò gbọdọ̀ wọlé.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ta ló máa sọ ní Tin Can pé òkú lòún gbé wá? Ní èbúté, tòkúnbọ̀ ló ń jẹ́. Ó di Ìyànà-Ìbà kó tó di kòǹdẹ́mù. Ẹja tiyín náà ńkọ́? Ọ̀sà Ọ̀jọ́ ló ti wá?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹ má fi ẹja kún un.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Inú páálí ló ti wá! Mo rí i. Ọmọ ìyá kọ̀ǹtẹ́nà tó gbé kọ̀ǹpútà mi wá ló gbé kọ̀tẹ́ yín wá. Omi yí wa ká, a wá ń ra ẹja inú yìnyín.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: (ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀) Ìyá tó bí mi kì í ra páálí. Etí omi ló ti ń dúró de àwọn Ẹ̀gùn apẹja. Òbòkún, ẹpìà, akàn, edé, èyí tó bá wù ú ló ń mú. Ní nǹkan bí ọdún 1984 ni koríko kan gba odò Porto-Novo wọlé. Amẹ́ríkà ti gúúsù ni wọ́n ní ilé rẹ̀ wà. Ó bo omi débi pé ọkọ̀ ò lè kọjá, àwọ̀n ò lè balẹ̀. Àràárọ̀ ni màmá ń gbàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ọlọ́run ò gbọ́ ni?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ọlọ́run gbọ́, koríko ló ṣe àmín! Òun ló lékè. Rónkẹ́ ní ìdọ̀tí wa ló ń jẹ: omi ṣáláńgá, omi ọṣẹ, ajílẹ̀ tí àgbàrá gbé wá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi iyọ̀ wọlé, á kú, á jẹrà sísàlẹ̀, á gba èémí inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Kí ẹ má gbàgbé Àgbárá. Omi ìdọ̀tí àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ń gba odò Òwò wọ ọ̀sà Ológe.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Àgbárá! Ẹ ṣeun! Àwọn gan-an ni!

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Àwọn ni mo ti ń wí!

(Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọn yóò fohùn ṣọ̀kan lọ́jọ́ náà. Àgbárá jìnnà, kò sì sí ará ibẹ̀ tó ń gbọ́ wọn. Ẹ̀sùn náà kì í kúkú ṣe irọ́: àwọn olùwádìí ti yẹ omi àti ẹja Ológe wò léraléra, wọ́n sì ti bá òjé àti irin olóró mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná wáyà ṣì ń jó, àgbá ẹja ṣì ń rú.)

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Fíríísà mi kú lánàá.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: (ojú rẹ̀ là) Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Èló lẹ fẹ́ kí n fi sin ín?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ogún ẹgbẹ̀rún.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Kọ́pà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ!

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, kí ẹ sì pa gbèsè ẹgbẹ̀rún kan yẹn rẹ́.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Mo gbà. Àmọ́ ẹ ò ní jó o níbí. Ẹ ò sì ní kàn gé páìpù rẹ̀ báyìí kí gáàsì inú rẹ̀ fò lọ. Rónkẹ́ ní gáàsì ọ̀hún ń ba òfúrufú jẹ́.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ṣé ẹ fẹ́ kó máa bá yín gbé inú ṣọ́ọ̀bù ni?

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Rárá o, ẹ gbé e kúrò. Mo fẹ́ ra òmíràn.

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ọlọ́run ló rán yín. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, tòkúnbọ̀ gidi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni. Ẹ yà wá wò ó.

(Wọ́n yí pákó kọjá. Fíríísà funfun kan wà níbẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Ìyá Ẹlẹ́ja ṣí i, ó pa á dé, ó yí i ká, ó wá bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀.)

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Kí ni wọ́n fi ìṣó họ síbí?

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: «Rónkẹ́, Primary 5»?

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Yorùbá pọ̀ ní London.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Fíríísà mi nìyí! Èyí tí mo tà fún yín láyé kòrónà!

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Ó kúrò níbí, ó dé Alábà, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ míì, wọ́n kùn ún, ó padà wálé. Kí ló kù tí tòkúnbọ̀ ń ṣe tí kò ṣe?

(Ìyá Ẹlẹ́ja ki ọwọ́ bọ inú fíríísà, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.)

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ṣé ó ń di yìnyín?

BÀBÁ KÒǸDẸ́MÙ: Gbagidi.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Èló?