Ti Àwọn Ọmọ Ni

Tọ́pẹ́ kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́fà, kò sí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí bàbá rẹ̀ ra PlayStation 4 fún un. Ọ̀rọ̀ náà kò ya ẹni tó mọ Dádì Tọ́pẹ́ lẹ́nu. Irú rẹ̀ pọ̀ l'Ékòó àti n'Íbàdàn: òṣìṣẹ́ tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, tó ń so táì lọ sí ọ́fíìsì, tí kì í ra nǹkan kan fún ara rẹ̀ láyé. Àwọn ọmọ ló ni tẹlifíṣọ̀n ńlá inú pálọ̀. Àwọn ọmọ ló ni àga tìmùtìmù tó dojú kọ ọ́. Wọn ò kàn gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, iná lọ. Nígbà tó padà dé, gbogbo gílóòbù ilé mọ́lẹ̀ yòò bí oòrùn ọ̀sán, nǹkan kan sì dún táù nínú àpótí dúdú náà. Láyé PlayStation 2, ẹni tó bá gbé ti Amẹ́ríkà wálé ti mọ irú ìró yìí, torí iná fóltì 120 ni wọ́n ṣe é fún, ti Japan sì jẹ́ 100. PlayStation 4 kò ní wàhálà yẹn. Ó ń gba iná láti 100 dé 240. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún iná àdúgbò wa pé 240 ni kó ti dúró?

Kí èéfín tó tán ni ìdájọ́ ti parí. “Mo ti sọ fún yín pé kí ẹ yéé fọwọ́ kan nǹkan yìí!” Tọ́pẹ́ ṣì wà ní lẹ́sìnnì, àbúrò rẹ̀ ń sùn. Ìyá Tọ́pẹ́, tó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá pé kí wọ́n ra sítábíláísà, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, Dádì Tọ́pẹ́ gbé òkú náà lọ sí Òtìgbà, ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹnjiníà tú u, aáyán mẹ́ta sì jáde. (Kì í ṣe ilé rẹ̀ nìkan. Inú PlayStation 4 máa ń gbóná, ihò ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀. Aáyán fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn atúnṣe Amẹ́ríkà pàápàá ń bá a níbẹ̀.) “Ọ̀gá, páwà páàkì ti jó, ó sì ti mú bọ́ọ̀dù lọ.”

Kò béèrè iye owó. Ife Àgbáyé ló béèrè. Nínú FIFA 18, Nàìjíríà ti gba ife Russia 2018 lábẹ́ àkóso rẹ̀, wọ́n sì lu Argentina ní àlùbami lójú ọ̀nà. Ní pápá gidi, góòlù Marcos Rojo ní ìṣẹ́jú 86 ló dá wa padà sílé, ṣùgbọ́n Dádì Tọ́pẹ́ ti tún ìtàn kọ. Ẹnjiníà ní háàdì díìsì ò jó o, àmọ́ PlayStation 4 kan kì í ka háàdì díìsì òmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọ́n gbọ́dọ̀ nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò. Ọkùnrin náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

Nínú dáńfó, ó ṣírò. Dọ́là 499 ni wọ́n kọ́kọ́ pe PlayStation 5 lọ́dún 2020. Kí Náírà tó já ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 460, èyí tó mú kí owó ẹ̀rọ náà jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 230 náírà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là ti kọjá 1,500. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 750 nìyẹn, láìtíì ka èrè ẹni tó ń tà á.

Ọjọ́ ìbí Tọ́pẹ́ ṣì ku oṣù márùn-ún. Wọ́n fà á wá síwájú.

“Dádì Tọ́pẹ́, bàtà ilé-ìwé lọmọ yìí ní òun fẹ́,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

“Ìyá Tọ́pẹ́, o ò mọ̀ pé gẹ́ẹ̀mù ń jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ jí?”

Ẹ̀rọ náà dé lọ́sẹ̀ kejì. Pádì kan ṣoṣo ló bá a wá, ọwọ́ Dádì nìyẹn sì wà. Wọ́n fún ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí ní pádì PlayStation 4 àtijọ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún eré PlayStation 4 lórí ẹ̀rọ tuntun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ fún eré PlayStation 5, Dádì sì mọ̀. Ohun tí kò rántí ni pé Tọ́pẹ́ ti mọ̀wé kà.

“Dádì, ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé pádì yìí ò lè gbá eléyìí.”

“Máa tẹ̀ ẹ́ lọ,” ni bàbá rẹ̀ wí, kò wẹ̀yìn. “Ìwọ lo wà ní gólì.”